Kọ̀ǹpútà àti Ọmọ Tí Ó Kẹ́yìn Kíláàsì: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo kí gbogbo yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí a ṣe lè fi kọ̀ǹpútà ran gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ wọn. N kò wá polówó ẹ̀rọ kankan fún yín. Èrò tí mo mú wá kò ju ẹyọ kan lọ: kọ̀ǹpútà máa ń wúlò fún ẹ̀kọ́ ọmọdé nígbà tí ó bá lè bá ọmọ kọ̀ọ̀kan níbi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé, tí ó bá ń fi èdè tí ọmọ náà gbọ́ bá a sọ̀rọ̀, tí olùkọ́ sì wà níbẹ̀ tí ń darí iṣẹ́. Níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò bá ti sí, a kàn ń náwó ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú kíláàsì. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wa, olùkọ́ kan ṣoṣo ni ẹ ó bá níwájú àádọ́ta ọmọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní kíláàsì kẹrin. Ẹni tí ó lè ka ìwé ìròyìn wà nínú wọn, ẹni tí kò tíì dá gbogbo lẹ́tà mọ̀ sì wà nínú wọn. Àwọn kan mọ ìsọdipúpọ̀ dáadáa, àwọn mìíràn ṣì ń fi ìka ọwọ́ ka iye tí ó bá ti ju mẹ́wàá lọ. Ìka kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ojú ìwé kan náà ni ètò ẹ̀kọ́ ní kí olùkọ́ kọ́ gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. Kí ni olùkọ́ yóò ṣe? Yóò máa kọ́ àwọn tí ó lè tẹ̀ lé e, yóò sì máa gbàdúrà pé kí àwọn yòókù bá wọn. Ọmọ tí ẹ̀kọ́ ọdún kejì kò yé kò ní ibi tí yóò gbé ti ọdún kẹta lé, nígbà tí ó bá sì fi máa dé kíláàsì kẹfà, ó ti kọ́ bí a ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́ kí ojú olùkọ́ má ba à bọ́ sórí òun. Àjọ UNICEF ti sọ pé nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 7 sí 14 ni kò lè ka gbólóhùn kúkurú kan tàbí kí wọ́n ṣe ìṣirò tí kò le. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ń wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ láràárọ̀. Àwọn gan-an ni mo ń rò nígbà tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún ilé ẹ̀kọ́.

Èrò pé kí ẹ̀rọ máa bá ọmọ kọ̀ọ̀kan rìn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gùn mọ kì í ṣe ti òní. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni Patrick Suppes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ti ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò. Ẹ̀rọ a béèrè, ọmọ a dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò sì fi mọ ìbéèrè tí ó kàn án. Ní 1967, Seymour Papert, Wallace Feurzeig, Cynthia Solomon àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Logo, nínú èyí tí ọmọ ni ó ń pàṣẹ tí ẹ̀rọ ń gbọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fún ọmọ ní ìjàpá ẹ̀rọ kan tí ó lè rán níṣẹ́: kí ó rìn síwájú ní ìwọ̀n báyìí, kí ó yà sọ́tùn-ún, kí ó tún rìn, títí tí ìrìn rẹ̀ yóò fi di àwòrán ilé tàbí ìràwọ̀. Inú mi máa ń dùn pé ìjàpá ni wọ́n yàn, nítorí ọmọ Yorùbá ti bá a pàdé nínú àlọ́ kí ó tó dé ilé ẹ̀kọ́ rárá. Scratch, èdè kọ̀ǹpútà fún ọmọdé tí Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2007, tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, tẹ̀ lé ọ̀nà Logo yìí. Ọ̀nà méjèèjì ló dára, kò sì sí èyí tí mo fẹ́ kí a sọ nù. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní láti yan èyí tí a ó fi ṣáájú fún ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà, ti Suppes ni n ó yàn, nítorí ọmọ tí kò lè ka àṣẹ kò ní lè pàṣẹ pẹ́ títí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti náwó sí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa. Ìjọba Peru ní Gúúsù Amẹ́ríkà ra kọ̀ǹpútà kékeré aláwọ̀ ewé tí ètò One Laptop per Child (kọ̀ǹpútà kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan) ṣe, ẹ̀rọ tí wọ́n rà ju 800,000 lọ, ó sì pín púpọ̀ nínú wọn fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìgbèríko. Àwọn olùwádìí Báńkì Ìdàgbàsókè ti Ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó rí ẹ̀rọ gbà wé àwọn tí kò rí i, 319 ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n wò. Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2012, kò sí ìyàtọ̀ kankan nínú ìṣirò àti ìwé kíkà. Òtítọ́ ni pé àwọn ọmọ náà mọ ẹ̀rọ lò, wọ́n sì ṣe dáadáa díẹ̀ sí i nínú ìdánwò ìrònú, n kò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a tìtorí rẹ̀ rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kò sún síwájú. Íntánẹ́ẹ̀tì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ní ibẹ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fún àwọn olùkọ́ kò tó nǹkan, ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ kò sì bá ohun tí olùkọ́ ń kọ́ mu. Nàìjíríà náà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dán kọ̀ǹpútà yìí wò, ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Galadima, lẹ́bàá Àbújá, ní 2007.

Uruguay bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀, Plan Ceibal, ní 2007 kan náà, nígbà tí yóò sì fi di 2009, gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba níbẹ̀ ti ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Àyẹ̀wò kan lórí àwọn ọdún àkọ́kọ́ kò fi hàn pé ìṣirò tàbí ìwé kíkà àwọn ọmọ dára sí i níbẹ̀ náà. Ohun tí mo fi ń yìn wọ́n ni pé wọn kò jókòó ti ẹ̀rọ tí wọ́n pín. Wọ́n fa íntánẹ́ẹ̀tì dé àwọn ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ṣètò àtúnṣe fún ẹ̀rọ tí ó bá bàjẹ́, wọ́n wá ètò ìṣirò tí ó ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tí ó tó agbára rẹ̀. Láti 2012, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà níbi tí ó jìnnà sì ń yọjú sí kíláàsì láti inú fídíò, nígbà tí olùkọ́ kíláàsì gan-an dúró ti àwọn ọmọ. Ẹ kíyè sí i pé olùkọ́ méjì ni wọ́n fi sí ẹ̀kọ́ náà.

Ní ìlú Delhi ní Íńdíà ni mo ti rí àpẹẹrẹ tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mindspark. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Karthik Muralidharan, Abhijeet Singh àti Alejandro Ganimian, fi ìbò yan àwọn ọmọ tí yóò lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí ìbò kò mú. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ yìí ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, wọ́n wà ní kíláàsì kẹfà sí ìkẹsàn-án, ṣùgbọ́n ohun tí àyẹ̀wò kọ́kọ́ fi hàn ni ó mú kí ọ̀rọ̀ wọn kan tiwa: ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kẹfà ti fi nǹkan bí ọdún méjì àbọ̀ kẹ́yìn ètò ẹ̀kọ́ nínú ìṣirò. Ètò náà kọ́kọ́ ń dán ọmọ wò láti mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé, ibẹ̀ ni ó sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Bí ìṣirò ọdún kẹta ni ọmọ ọdún kẹfà mọ, ti ọdún kẹta ni yóò gbé fún un, ojú kò sì ní tì í, nítorí ẹni tí ó jókòó tì í kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Bí ọmọ bá ṣì í, ẹ̀rọ a wo irú àṣìṣe tí ó ṣe, nítorí ẹni tí ó gbàgbé láti gbé ẹyọ kan sókè nínú ìròpọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò mọ ìròpọ̀ rárá. Ìṣẹ́jú 45 ni ọmọ fi ń lo kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú 45 mìíràn ni ó fi ń jókòó ti olùkọ́ nínú ẹgbẹ́ kékeré. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin àbọ̀, ohun tí àwọn ọmọ yìí kọ́ nínú ìṣirò tó ìlọ́po méjì ohun tí àwọn yòókù kọ́, wọ́n sì tẹ̀ síwájú jù wọ́n lọ nínú èdè Híńdì pẹ̀lú. Gbogbo ọmọ ló jèrè, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kẹ́yìn jù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ ohunkóhun nínú kíláàsì lásán, nítorí náà èrè tiwọn ló hàn jù.

Ẹ jẹ́ kí a wálé sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ìdíje kan fún àwọn tí ń ṣe ètò tí ọmọ lè fi kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà àti ìṣirò, tí wọ́n pè ní Global Learning XPRIZE, parí ní 2019, lẹ́yìn tí wọ́n ti fún nǹkan bí ọmọ 2,700 ní tábúlẹ́ẹ̀tì ní àwọn abúlé agbègbè Tanga ní Tanzania. Púpọ̀ nínú wọn kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rí, ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn lọ ni kò sì lè ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ní Swahili. Sólà ni wọ́n fi ń gba iná sí tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 15, iye àwọn tí kò lè ka ohunkóhun ti dín sí ìdajì. Ètò méjì ni ó jọ gba ipò kìn-ín-ní, Kitkit School àti onebillion. Èyí kejì yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Malawi ṣáájú ìgbà náà, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà àti ìṣirò ní Chichewa, èdè ibẹ̀. Ní èdè tí àwọn ọmọ náà ń gbọ́ ní àyíká wọn ni ẹ̀rọ ti bá wọn sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni, ọmọ náà ì bá kọ́kọ́ máa wá ìtumọ̀ ohun tí ẹ̀rọ ń sọ kí ó tó mọ ohun tí ó fẹ́ kí òun ṣe.

Àwa Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ti òkèèrè wá kọ́ wa ní apá yìí, nítorí a ti ṣe ìwádìí rẹ̀ nílé. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ títí wọ́n fi jáde kíláàsì kẹfà, tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí kò ní orúkọ tẹ́lẹ̀ nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin lọ, wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà náà. Mo gbà pé àṣìṣe ńlá ni fífagi lé e, mo sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n tábúlẹ́ẹ̀tì kan lè gba èdè méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ọmọ lè ka ìbéèrè ìṣirò ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì fọwọ́ kan ibì kan láti gbọ́ àlàyé rẹ̀ ní Yorùbá. Ìyẹn kò tako òfin ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò kéré. Ètò tí yóò kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà ní Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà pé pérépéré, nítorí ọmọ tí ó fi ìwé tí kò ní àmì kọ́ ìwé kíkà yóò máa méfò ni. Ohùn tí yóò máa jáde láti inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohùn ènìyàn tí ó mọ Yorùbá sọ, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gan-an bí ó bá ṣeé ṣe, kì í ṣe ohùn ẹ̀rọ tí ń gun ohùn òkè níbi tí ó yẹ kí ó lo ti ìsàlẹ̀. Àwọn ìtàn ọmọdé ọ̀fẹ́ ní Yorùbá wà lórí African Storybook, a lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kù jẹ́ ti àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá ní yunifásítì wa àti àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n mọ ètò kọ̀ǹpútà ṣe. Bí a bá lè náwó ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún tábúlẹ́ẹ̀tì, owó tí a ó fi san fún irú iṣẹ́ yìí kò yẹ kí ó wọ́n wa.

Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan ti gbìyànjú nílé. Ọ̀ṣun pín Ọpọ́n Ìmọ̀ ní 2013, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀ láìlo íntánẹ́ẹ̀tì. Èrò yẹn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà ni ó wà fún, nígbà tí ó jẹ́ pé ìṣòro ìwé kíkà ti bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kejì. Edo bẹ̀rẹ̀ EdoBEST ní 2018, Èkó sì bẹ̀rẹ̀ EKOEXCEL ní 2020. Nínú méjèèjì yìí, ọwọ́ olùkọ́ ni tábúlẹ́ẹ̀tì wà, tí àlàyé ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sì wà nínú rẹ̀. Ó ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ láti múra sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀gá mọ ẹni tí ó wá síbi iṣẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan náà tí a kà síta fún gbogbo kíláàsì kò lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ó ti fi ọdún méjì kẹ́yìn. Ó yẹ kí a fi àkókò tí ọmọ yóò fi lo ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kún un.

Ẹ ó ní níbo ni iná wà, níbo sì ni owó dátà wà. Ìbéèrè yẹn tọ́. Kò pọn dandan kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tirẹ̀, kò sì pọn dandan kí ilé ẹ̀kọ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Kolibri. A lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, gbogbo tábúlẹ́ẹ̀tì inú yàrá náà yóò sì máa gba ẹ̀kọ́ láti ara rẹ̀ láìná kọ́bọ̀ lórí dátà. Bí kíláàsì kan bá ní ọgọ́ta ọmọ, tí ilé ẹ̀kọ́ sì ní ogún tábúlẹ́ẹ̀tì, ọ̀wọ́ mẹ́ta ni a ó pín wọn sí. Bí ọ̀wọ́ kan bá wà nídìí ẹ̀rọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èkejì yóò wà lọ́dọ̀ olùkọ́, ẹ̀kẹta yóò máa kàwé tàbí kọ̀wé. Láàárín wákàtí kan àbọ̀, gbogbo wọn ti dé ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, olùkọ́ sì ti rí ogún ọmọ níwájú rẹ̀ dípò ọgọ́ta. Tábúlẹ́ẹ̀tì kì í jẹ iná púpọ̀ bíi kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Sólà àti bátìrì tí kò tóbi lè gbé ogún rẹ̀, yóò sì rọrùn fún wa ju pé kí á máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ lọ. Kí á rí i dájú pé kì í ṣe àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n lágbára ni yóò máa gba ẹ̀rọ mọ́ àwọn ọmọbìnrin lọ́wọ́, kí orúkọ ẹni tí ó kàn wà lára ògiri.

Níbi tí tábúlẹ́ẹ̀tì kò bá tilẹ̀ sí, fóònù onítẹ̀ ṣì lè ṣe nǹkan. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní 2020, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ aládàáni kan ní Botswana ń pe òbí àwọn ọmọ kíláàsì kẹta sí ìkarùn-ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń bá òbí àti ọmọ yanjú ìṣirò fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Àwọn ọmọ tí wọ́n pè mọ ìṣirò ju àwọn tí wọn kò pè lọ. Ètò tí ó bá lè lo fóònù ìyá ọmọ kò yẹ kí a fojú kéré.

Bí a bá wí pé gbogbo ọmọ, ọmọ tí kò ríran àti ọmọ tí kò gbọ́ràn wà nínú rẹ̀. Àwọn afọ́jú ọmọ Austrélíà méjì ni ó bẹ̀rẹ̀ NVDA ní 2006, ètò ọ̀fẹ́ tí ń ka ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, kí afọ́jú má ba à ra èyí tí owó rẹ̀ wọ́n gógó. Ọmọ tí kò gbọ́ràn lè wo fídíò ẹ̀kọ́ tí ẹnì kan ń fi ọwọ́ sọ èdè àwọn adití nínú rẹ̀, kí ó sì wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá bí ó bá fẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Bí mo bá ní kí a kọ́kọ́ fún ẹnì kan ní kọ̀ǹpútà, àwọn ni.

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ yóò ba ọmọ jẹ́. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí. Sweden tí ó ti fi ẹ̀rọ sí ibi gbogbo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ra ìwé sí kíláàsì láti 2023. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́, lórí ẹ̀rọ tí kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ ju ẹ̀kọ́ lọ, tó fún ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì máa di pẹ́ńsù mú, ìwé sì gbọ́dọ̀ wà nílé fún un.

Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì wá sí ilé ẹ̀kọ́ yín, ìbáà jẹ́ ìjọba, ọlọ́jà tàbí ọmọ ìlú tí ó wà lókè òkun, mo bẹ̀ yín kí ẹ bi í ní èdè tí ó ń sọ, kí ẹ bi í bóyá ó ń dán ọmọ wò kí ó tó máa kọ́ ọ, kí ẹ bi í ẹni tí yóò tún un ṣe àti inú owó wo. Kí ẹ sì ní kí ó fi èsì ọmọ kọ̀ọ̀kan hàn olùkọ́ lọ́nà tí olùkọ́ lè kà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí olùkọ́ tí ó bá mọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì pé ọmọ mẹ́sàn-án kò tíì mọ ìyọkúrò ni yóò mọ ohun tí òun yóò ṣe ní ọjọ́ Ajé. Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ náà rárá, ẹ pe ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó, kí ẹ fún un ní ìwé lásán kí ó ka gbólóhùn mẹ́ta, kí ó ṣe ìṣirò mẹ́ta, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní òpin táàmù. Bí iye àwọn tí kò lè kàwé kò bá dín kù, ẹ pààrọ̀ ètò tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà kí ẹ tó gba òmíràn kún un.